Nígbà tí Ẹ̀jẹ̀ Bá Bojú Wẹ̀yìn: Ìdí tí Iṣan Ẹsẹ̀ fi ń Yọ

Yorùbá ní omi kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Nínú ẹsẹ̀ èèyàn, ẹ̀jẹ̀ a máa bojú wẹ̀yìn nígbà mìíràn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ iṣan tó ń yọ lẹ́sẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni mo wí o, n kò ní gbogbo rẹ̀. Iṣan mìíràn wà tó jẹ́ pé ohun tó bò ó mọ́lẹ̀ ló ti fẹ́lẹ́, tí iṣan fúnra rẹ̀ kò ní àléébù kankan. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú nìyí: ṣé ìbora ló fẹ́lẹ́ ni, àbí páìpù ló fẹ̀? Ẹni tó bá lè dá méjèèjì mọ̀ yàtọ̀ kò ní máa kó owó lé ìpara tí kò lè ràn án lọ́wọ́, kò sì ní fojú yẹpẹrẹ wo èyí tó lè di egbò lọ́la.

Èdè wa kò fi bẹ́ẹ̀ gbè wá níbí yìí. Okùn tó so ẹran mọ́ egungun, iṣan là ń pè é. Ohun tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ, iṣan. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan náà ni. Bí ìyá kan ní Ọjà Ọba l'Ádò-Èkìtì bá ní “iṣan ń fà mí lẹ́sẹ̀,” ẹni tó ń gbọ́ ọ ní láti bi í léèrè, nítorí ó lè jẹ́ ẹran ló sún kì, ó lè jẹ́ láti egungun ẹ̀yìn ni ìrora náà ti ń bọ̀, ó sì lè jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ pàápàá tún pín sí méjì: iṣan àlọ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ọkàn wá sí ẹsẹ̀, àti iṣan àbọ̀ tó ń dá a padà sókè. Iṣan àlọ nípọn, ó jìn nínú ẹran, ó sì ń lù lábẹ́ ìka. Èyí tí ojú ń rí lẹ́sẹ̀, iṣan àbọ̀ ni. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ ríru kọ́ ló ń ti iṣan ẹsẹ̀ yọ bí àwọn kan ṣe ń sọ. Inú iṣan àlọ ni ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀tọ̀ sì ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú èkejì.

Ẹ wo táńkì omi tí wọ́n gbé sórí òpó. Bí òpó bá ṣe ga tó ni omi ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ ṣe ń le tó. Bí àgbàlagbà bá dìde dúró, ọkàn rẹ̀ fi bíi sẹ̀ǹtímítà 120 sí 130 ga ju kókósẹ̀ rẹ̀ lọ, gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú iṣan àbọ̀ láàárín ibi méjèèjì ló sì ń wúwo lé ìsàlẹ̀. Bí ó bá dúró gbagidi, agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan àbọ̀ lọ́rùn ẹsẹ̀ á tó nǹkan bí 90, ní ìwọ̀n kan náà tí nọ́ọ̀sì fi ń ka ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ó bá dùbúlẹ̀, kì í tó 20. Bí ó bá ń rìn ńkọ́? Láàárín ìṣísẹ̀ bíi 10, á ti wálẹ̀ sí bíi 20 sí 30. Àwọn tó ń jókòó sílé nítorí pé wọ́n rò pé ìrìn ló ń ba iṣan ẹsẹ̀ àwọn jẹ́, ìdí ọ̀rọ̀ kọ́ ni wọ́n mú. Ìdúró gbagidi ni ọ̀tá iṣan.

Ohun tó ń mú kó wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹran ẹ̀yìn ojúgun. Iṣan àbọ̀ ńlá wà láàárín ẹran yìí, àwọn tó jìn bẹ́ẹ̀ ló sì ń gbé bí ìdá 9 nínú 10 ẹ̀jẹ̀ tó ń kúrò lẹ́sẹ̀. Bí gìgísẹ̀ bá kúrò nílẹ̀, ẹran á sún kì, á fún iṣan náà bí ẹni ń fún aṣọ tútù, ẹ̀jẹ̀ á sì gòkè. Bí gìgísẹ̀ bá balẹ̀, ẹran á dẹ̀, iṣan tó ti ṣófo á fa ẹ̀jẹ̀ wọlé láti inú iṣan abẹ́ awọ. Láti ara òkìtì ni a ti ń gbọ́ pé orúkọ Èkìtì ti wá, ẹni tó bá sì ti fẹsẹ̀ gun ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè mọ bí ẹ̀yìn ojúgun ṣe ń le bí òkúta. Líle yẹn gan-an ni ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀jẹ̀ sókè. Òkè wa ń ṣe ẹsẹ̀ lóore. Ẹni tó ń gún iyán fún oníbàárà láti àárọ̀ ni kí á káàánú: ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, òógùn bò ó, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀. Òun àti onídìrí àti tíṣà tó dúró níwájú pátákó, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú iṣan.

Ẹ̀rọ láìsí fáàfù kò sì já mọ́ nǹkan. Fáàfù ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tí a pọ́ǹpù sínú táyà kẹ̀kẹ́ padà jáde. Nínú iṣan àbọ̀, ìlẹ̀kùn aláwẹ́ méjì ló wà, ó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà, ó ń ṣí sí apá òkè, ó sì ń tì bí ẹ̀jẹ̀ bá fẹ́ já bọ́. Iṣan abẹ́ awọ tó gùn jù bẹ̀rẹ̀ láti iwájú kókósẹ̀ inú, ó gba inú ojúgun àti inú itan títí dé ibi tí itan ti pàdé ikùn. Kò sí iṣan àbọ̀ tó gùn tó o nínú ara, ìlẹ̀kùn inú rẹ̀ sì tó bí 10 sí 20. Èkejì kúrú: ó gba ẹ̀yìn kókósẹ̀ òde lọ sí kòtò ẹ̀yìn orúnkún. Bí ẹ bá mọ ọ̀nà méjèèjì yìí, ẹ ti mọ ibi tí ó yẹ kí ojú wò.

Dókítà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, William Harvey, lo ìlẹ̀kùn yìí ní ọdún 1628 láti fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ń yípo ara. Fabricius tó kọ́ ọ ní Padua nílẹ̀ Ítálì ti júwe àwọn ìlẹ̀kùn náà ṣáájú, Harvey ló mọ iṣẹ́ wọn. Ìka méjì ni ohun èlò rẹ̀, ẹ sì lè ṣe é ní ìjókòó yín. Ẹ jẹ́ kí apá wálẹ̀ títí iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ á fi yọ. Ẹ fi ìka kan tẹ ìsàlẹ̀ iṣan náà, níhà ọmọ ìka. Ẹ fi ìka kejì rọra ti ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ gòkè síhà ìgbọ̀nwọ́, kó kọjá oríkèé ìlẹ̀kùn kan, kí ẹ wá yọ ìka kejì náà kúrò. Ibẹ̀ á ṣófo, ẹ̀jẹ̀ kò ní padà wálẹ̀. Ẹ yọ ìka àkọ́kọ́, á kún láti ìsàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Iṣan tí ara rẹ̀ dá nìyẹn.

Nínú iṣan tó ti bàjẹ́, ògiri ló sábà máa ń dẹ̀ kí ìlẹ̀kùn tó ṣíwọ́ iṣẹ́. Bí ògiri bá fẹ̀, awẹ́ méjèèjì kò ní kan ara wọn mọ́, bíi ìlẹ̀kùn tí férémù rẹ̀ ti là. Ẹ̀jẹ̀ á já bọ́ lé ìlẹ̀kùn tó tẹ̀ lé e nísàlẹ̀, ìwúwo tí ìyẹn ń gbé á di ìlọ́po, òun náà á fẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bàjẹ́ tẹ̀léra títí iṣan á fi lọ́, á wú síta bí gbòǹgbò igi tó yọ sójú ilẹ̀. Èyí tó tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn, tí kò tó mílímítà 1, ọ̀rọ̀ ẹwà ló sábà máa ń jẹ́. Èyí tó wà láàárín mílímítà 1 sí 3 a máa hàn bí ìlà tó ní àwọ̀ ewé lábẹ́ awọ, kì í ga sókè. Bí ó bá ti pé 3 sókè nígbà tí èèyàn dúró, tó ga lábẹ́ ọwọ́, tó sì ń lọ́, páìpù ló fẹ̀.

Ta ló ń bá? Ìdílé lákọ̀ọ́kọ́. Bí ìyá àti bàbá bá ní i, kí ọmọ tètè mọ̀ pé ó ń bọ̀ lọ́nà. Ọjọ́ orí náà ń kún un, ara tó wúwo ń kún un, ẹ̀jẹ̀ tó ti dì rí nínú iṣan ẹsẹ̀ a máa ba ìlẹ̀kùn jẹ́ kó tó lọ. Ṣùgbọ́n oyún ni ó yẹ kí a dúró lé díẹ̀, nítorí ohun mẹ́ta ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀jẹ̀ ara aboyún ń pọ̀ sí i títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì lé ti tẹ́lẹ̀. Họ́mọ́ọ̀nù, omi ara tó ń mú kí ilé ọmọ dẹ̀, ń mú ògiri iṣan náà dẹ̀. Nígbà tó bá yá, ilé ọmọ á tẹ iṣan àbọ̀ ńlá inú ikùn. Àwọn èèyàn sábà máa ń di gbogbo ẹ̀bi ru ìwúwo ọmọ, bẹ́ẹ̀ iṣan lè ti yọ lóṣù kẹta kí ikùn tó hàn rárá. Lẹ́yìn ìbímọ, púpọ̀ nínú rẹ̀ a máa rọlẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀, ìdí nìyẹn tí dókítà kò fi ní fi ọwọ́ kan an nígbà oyún. Bí oyún ṣe ń pọ̀ sí i ni èyí tí kò ní rọlẹ̀ pátápátá ṣe ń pọ̀. Kí aboyún máa fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn. Iṣan ńlá yẹn wà lápá ọ̀tún ọ̀pá ẹ̀yìn, ìwúwo á sì kúrò lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bọ́ sí apá kejì, ti ìbora. Ooru ń mú iṣan abẹ́ awọ fẹ̀ kí ara lè tú ooru rẹ̀ dànù. Ẹni tó bá jáde nínú omi gbígbóná Ìkógòsì, tó wá rí iṣan lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí àwòrán odò lórí máàpù, kó fọkàn balẹ̀. Bí ara bá ti tù ú, á wọlé. Ẹni tó ń sáré, tó ń gun kẹ̀kẹ́, tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ọ̀rá abẹ́ awọ rẹ̀ kéré, iṣan rẹ̀ a sì máa hàn gbangba. Iṣan rere ni. Arúgbó pẹ̀lú, awọ rẹ̀ ń fẹ́lẹ́, ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ ń gbẹ.

Ìpara tí wọ́n fi ń bó ara ni n kò lè sáré kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n po oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù líle mọ́, bíi clobetasol, oògùn tó jẹ́ pé dókítà kì í fẹ́ kó kọjá ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lójú kan. Ẹni tó fi í para láti ọrùn dé ẹsẹ̀ fún ọdún méjì, ìbora rẹ̀ ni ó ń hó kúrò. Awọ á fẹ́lẹ́ bí bébà, iṣan á máa hàn lórí ẹsẹ̀ àti lórí ọmú, ara á máa là, egbò kékeré á pẹ́ kó tó jinná, abẹ́rẹ́ ìránṣọ oníṣẹ́ abẹ kò sì ní rí ibi dì mú. Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá ra ìpara mìíràn “tó ń pa iṣan,” ó ń fi iná pa iná ni. Kó má sì já a sílẹ̀ lójijì láìrí dókítà awọ, nítorí ara tó ti mọ́ oògùn náà lára lè hó, kó sì máa ta bí ìgbà tí iná jó o.

Láti yẹ ara yín wò, ẹ bọ́ bàtà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 5, kí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ wá, kó má ti iwájú wá. Òjìji ni yóò fi ohun tó ga hàn. Ẹ wo inú itan, inú ojúgun, kòtò ẹ̀yìn orúnkún. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ojú nìkan. Àwòrán tó pọ̀ jù nínú ìwé ìṣègùn, ara òyìnbó ni wọ́n yà á sí, àwọn “pupa” tí wọ́n sì ń sọ kì í sábà hàn kedere lára dúdú. Ìka ni kí ẹ fi wá òkìtì rírọ̀, ẹ̀yìn ọwọ́ ni kí ẹ fi mọ ibi tó gbóná ju ìyókù lọ. Lẹ́yìn náà ẹ dùbúlẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè lára ògiri. Iṣan tó fẹ̀ lásán á ṣófo, á fi kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀. Èyí tó bá le gbagidi bí okùn, tó ń dunni, tó sì kọ̀ láti ṣófo, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú rẹ̀. Ilé ìwòsàn ló kù.

Kókósẹ̀ inú ni kí ẹ wò kẹ́yìn, nítorí ibẹ̀ ni ìfúnpá ti ń ṣe ọṣẹ́ jù. Wíwú ní ìrọ̀lẹ́ tó ń rọlẹ̀ ní òwúrọ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ awọ á dúdú ju ìyókù lọ, á máa yún, á gbẹ, á sì le, títí ìsàlẹ̀ ojúgun á fi rù, tí òkè rẹ̀ á wú, bí ìgò tí a dorí rẹ̀ kodò. Bí ìhó kékeré bá ti ba ibẹ̀, egbò tí kì í jinná ti dé. Ibi yìí ni àwọn ará ilé ti máa ń sọ pé ó tẹ nǹkan. Kò tẹ nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ tó rọ́ síbẹ̀ tí kò lọ ni kò jẹ́ kí ẹran rí oúnjẹ jẹ, báńdéèjì tí nọ́ọ̀sì mọ bí a ṣe ń fún un láti ọmọ ìka dé abẹ́ orúnkún ló sì ń wò ó, ju pàúdà egbò èyíkéyìí lọ. Kí ọ̀dọ́ tó bá ní irú egbò yìí lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò pẹ̀lú, nítorí àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde a máa fi egbò sí ojú ibẹ̀ kan náà. Ọ̀tọ̀ sì ni jàkùtẹ̀, tí ẹsẹ̀ fi ń wú bí ọwọ̀n: ọ̀nà omi ara ló dí nínú tiyẹn.

Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú lójijì, tí ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ gbóná tó sì ń dunni, ẹ má fi àdí wọ́ ọ. Ẹ fi téèpù télọ̀ wọn ẹ̀yìn ojúgun méjèèjì ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí ìsàlẹ̀ kókó egungun tó wà lábẹ́ orúnkún. Bí ọ̀kan bá fi ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ tóbi ju èkejì, ìfura ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan tó jìn pọ̀. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, tí ìrora àti ooru ṣì wà, ilé ìwòsàn náà ni, lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀jẹ̀ tó dì lè já kó sì lọ dí ẹ̀dọ̀fóró, bí mí-mí bá ti nira, tí àyà ń dunni, tàbí tí ikọ́ bá mú ẹ̀jẹ̀ wá, kò sí “ẹ jẹ́ ká wò ó di àárọ̀.” Gbẹ́rẹ́ pàápàá kò yẹ lójú iṣan tó wú, nítorí ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ a máa tú jáde pẹ̀lú agbára. Bí iṣan bá bẹ́, kí onítọ̀hún dùbúlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ náà ga ju àyà rẹ̀ lọ, kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibẹ̀ gírígírí fún ìṣẹ́jú 10 láìṣí i wò. Ẹ má so rọ́bà tàbí okùn mọ́ itan rẹ̀: okùn á dí iṣan àbọ̀, á jẹ́ kí ti àlọ máa bọ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì pọ̀ sí i.

Fún ẹni tí tirẹ̀ kò tíì le, iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni ìtọ́jú. Lẹ́yìn gbogbo ìṣẹ́jú 30 ìdúró tàbí ìjókòó, kí ó gbé gìgísẹ̀ sókè kó sì sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà 15. Kó ní àpótí kékeré tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 15 lábẹ́ tábìlì, kó máa fi ẹsẹ̀ kan sórí rẹ̀, kó máa pààrọ̀. Bí ó bá dé ilé, kó gbé ẹsẹ̀ ga ju ọkàn lọ fún ìṣẹ́jú 15. Ẹsẹ̀ lórí àpótí ìjókòó kò tó, nítorí ọkàn ṣì ga jù ú lọ. Bàtà gíga kì í jẹ́ kí ẹ̀yìn ojúgun ṣiṣẹ́ tán.

Ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ ń ṣiṣẹ́, bí a bá rà á bó ṣe yẹ. Ó le jù lọ́rùn ẹsẹ̀, ó ń dẹ̀ bó ṣe ń gòkè. Nọ́ńbà 15–20 tàbí 20–30 tó wà lára páálí rẹ̀ ni ìfúnpá rẹ̀. Òwúrọ̀ kí ẹsẹ̀ tó wú ni kí ẹ wọn ara yín: ibi tó tín-ín-rín jù lókè kókósẹ̀, ibi tó tóbi jù lẹ́yìn ojúgun, àti gíga láti ilẹ̀ dé kòtò ẹ̀yìn orúnkún. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà bàtà rà á ti fowó ṣòfò. Ẹ wọ̀ ọ́ kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ má ká ẹnu rẹ̀ wálẹ̀, nítorí ẹnu tó ká á di okùn. Ẹ bọ́ ọ lálẹ́, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ má fi háípò kàn án, ẹ sá a síbi òjìji. Lẹ́yìn oṣù 3 sí 6 ó ti dẹ̀. Nínú ooru oṣù kẹta Èkìtì, kò sí ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ láti àárọ̀ dálẹ́, lójú tèmi kí ó kéré tán wà lẹ́sẹ̀ ní wákàtí tí èèyàn fi dúró, kó má ju abẹ́ orúnkún lọ. Kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń tutù, jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ fọwọ́ kan ìlùkìkì orí ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí bí iṣan àlọ bá ti dí, ìbọ̀sẹ̀ yìí lè pa ẹran ẹsẹ̀.

Ìbọ̀sẹ̀ kò tún ìlẹ̀kùn ṣe. Èyí tó ti bàjẹ́, títì pa ni wọ́n ń tì í pa: kí wọ́n fi iná léésà tàbí ìgbì rédíò jó o láti inú, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa oògùn tó ń hó bí ọṣẹ sí i, tàbí kí wọ́n fi abẹ dì í kí wọ́n sì yọ ọ́. Láti ọdún 2013 ni ìlànà ìtọ́jú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti to wọ́n tẹ̀léra bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé ẹ̀jẹ̀ á wá gba ibo lọ, kó rántí ìdá 9 nínú 10 tó ń gba iṣan tó jìn. Iṣan abẹ́ awọ yìí kan náà ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ọkàn ń yọ lẹ́sẹ̀ láti fi ṣe ọ̀nà tuntun fún ọkàn tí iṣan rẹ̀ dí, ẹsẹ̀ a sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ewu ibẹ̀ ni bí iṣan tó jìn bá ti dí láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà náà ti abẹ́ awọ nìkan ló kù tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, ẹni tó bá sì tì í pa ti dá kún ìṣòro.

Ìdí nìyẹn tí skáànù dọ́pílà, àyẹ̀wò tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú iṣan hàn, fi gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn ńlá, l'Ádò tàbí ní Ìdó-Èkìtì, kó bèèrè ohun kan lọ́wọ́ ẹni tí yóò ya skáànù náà: ṣé lórí ìdúró ni wọ́n máa ya á? Wọ́n á fún ẹ̀yìn ojúgun, wọ́n á tú u sílẹ̀, wọ́n á sì ka iye àkókò tí ẹ̀jẹ̀ fi padà wálẹ̀. Bí ó bá ju ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá lọ nínú iṣan abẹ́ awọ, ìlẹ̀kùn ti bàjẹ́. Lórí ìdùbúlẹ̀ gbalaja, ẹ̀jẹ̀ kò ní ibi tí yóò já bọ́ sí, ìlẹ̀kùn tó bàjẹ́ á sì jọ èyí tó dá.